Ẹ mọ orúkọ adìẹ kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn adìẹ. Páálí tó wà níwájú mi yìí, òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan 50 ló wà nínú ẹ̀. Kí n tó ṣí i, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń pè wọ́n, torí orúkọ tẹ́ ẹ bá dá ni wọ́n á kó fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ẹran ni àbí ẹyin? Tó bá jẹ́ ẹran kíákíá, ẹ ní bùrọ́ílà lẹ fẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ó ti tó tà. Ẹ tètè wá oníbàárà sílẹ̀, torí tó bá ti kọjá àsìkò, oúnjẹ yín ló kàn ń jẹ.

Ẹyin ńkọ́? Léyà nìyẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó béèrè point of lay, ìyẹn èyí tí ẹlòmíì ti tọ́ dé bèbè ẹyin. Èyí tó ti yé, yé, tí ẹyin ẹ̀ ń dín kù là ń pè ní old layer. Àwọn ọlọ́bẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ torí ẹran ẹ̀ yi.

Ó yá, mo ti ṣí páálí. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ pupa bí yẹ̀pẹ̀ yìí, abo ni, léyà gan-an nìyí. Èyí tó funfun bíi gàrí Ìjẹ̀bú, akọ ni. Kọ́kẹ́rẹ̀ẹ̀lì là ń pè é: ọmọ ìyá léyà ni, ọjọ́ tí wọ́n jáde látinú ẹyin náà ni wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ irú léyà dúdú, ẹ wo orí: akọ ló ní àmì funfun. Ẹ má fi àwọ̀ wo bùrọ́ílà o, takọtabo wọn ló jọra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú di ibí yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ta 100 fún mi pé léyà ni. Ogbe ń yọ, ó ń pọ́n, mo ṣì ń retí ẹyin. Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, mo sunkún.

Ẹ tún máa gbọ́ Noiler, tí iléeṣẹ́ Amo ní Awẹ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gbé jáde. Tẹran-tẹyin ni, ó sì lè máa jẹ̀ káàkiri àgbàlá.

Iná èédú tó máa jẹ́ kára àwọn òròmọdìẹ yìí móoru ti mú. Ẹ máa mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ ti ẹnu ẹ̀ bọ omi, kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ sílẹ̀. Báyìí.