Ibi Tí Òyìnbó Ti Rí Ọ̀rọ̀ Ìbínú Wọn

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Tí òyìnbó bá ní "I saw red", inú ló ń bí i gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá akọ màlúù jà ní Sípéènì ló ti wá, torí aṣọ pupa tí wọ́n máa ń jù síwá sẹ́yìn níwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú màlúù ò dá pupa mọ̀ o! Bí aṣọ yẹn ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ló ń bí i nínú, ẹ fi búlúù síbẹ̀, á ṣì sáré wá kàn án.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "fly off the handle". Ọ̀rọ̀ àáké ni, láti Amẹ́ríkà. Tí igi àáké bá ti gbẹ tó sì súnkì, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí ẹ̀, o wá gbé e sókè báyìí kó o fi la igi ìdáná, fìrì! irin ti fò lọ, orí ta ló máa bà, Ọlọ́run ló mọ̀. Bí ẹni tó ń bínú òjijì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Thomas Haliburton, ọmọ Nova Scotia ní Kánádà, ti lò ó nínú ìwé kan tó jáde láàárín 1843 sí 1844.

"Let off steam", ìyẹn kéèyàn tú ìbínú inú ẹ̀ jáde, ò le, ẹ́ńjìnnì sítíìmù ni, tí fáàfù ò bá tú sítíìmù yẹn dànù, ẹ́ńjìnnì á bú gbàmù nìyẹn.

"Go berserk", ìyẹn kéèyàn bínú bíi wèrè, ńkọ́? Àwọn jagunjagun Nọ́wè àti Iceland àtijọ́ ni, àwọn tí wọ́n ní orí wọn máa ń dàrú sójú ogun débi pé wọ́n á máa gé asà ọwọ́ wọn jẹ. Wọ́n rí àwọn ọmọ ayò chess kan ní erékùṣù Lewis ní Scotland ní 1831, eyín walrus, ẹran ńlá inú òkun kan, ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tó pọ̀ jù wà ní British Museum ní London. Ẹ wo àwọn kan nínú wọn, wọ́n ti eyín bọ asà, wọ́n ranjú mọ́ èèyàn! Ẹ̀rín pa mí jàre.

"Get my goat", ìyẹn kí nǹkan múnú bí mi, ló kù. Wọ́n ní wọ́n máa ń so ewúrẹ́ mọ́ ẹṣin eré ìje kára ẹṣin lè balẹ̀, ọ̀tá á wá jí ewúrẹ́ gbé lóru. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ẹ má lọ fi bá wọn jiyàn.