Plánù Ẹ́ńjìnnì Onísítíìmù Írẹ́lándì: Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Èyí Tó Tọ́ fún Mọ́dẹ́ẹ̀lì Yín

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ plánù la fẹ́ sọ, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rélùwéè tẹ́ ẹ máa fi ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì kékeré rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ́ńjìnnì méjì bẹ̀rẹ̀, nọ́ḿbà 184 àti nọ́ḿbà 186. Ọmọ ìyá ni wọ́n, J15 ni wọ́n ń pe ìran wọn. Alexander McDonnell ló gbé e kalẹ̀ fún iléeṣẹ́ rélùwéè Great Southern and Western Railway, àkọ́kọ́ jáde ní 1866, wọ́n sì ń rọ ọ́ lọ títí di 1903, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, 111 gan-an ni. Ó dáa, ẹ wá wo ibi tí iná ti ń jó lẹ́yìn bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin tí omi ti ń hó. Ti 184 ṣe roboto lókè, ti 186 tẹ́ pẹrẹsẹ ó sì ní igun, torí wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ílà ẹ̀ nígbà tó yá. Tẹ́ ẹ bá wá gbé plánù 1866 tẹ́ ẹ fi ṣe 186 bó ṣe wà lónìí, ẹ́ńjìnnì tí kò sí rí lẹ ń ṣe yẹn.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó wá plánù kankan, ẹ mú ọdún kan, kẹ́ ẹ dúró tì í.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ béèrè pé ta ló rọ ọ́. Ibí yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, wọ́n á máa wá gbogbo ẹ̀ ní Dublin. Lóòótọ́, Inchicore ní Dublin ni wọ́n ti rọ 184 ní 1880, àmọ́ Sharp Stewart ní Manchester ló rọ 186 ní 1879. Slieve Gullion ti 1913 àti Merlin ti 1932, àwọn ẹ́ńjìnnì tó rẹwà tí iléeṣẹ́ rélùwéè Great Northern ní, Beyer Peacock ní Manchester náà ni, ìwé ilé iṣẹ́ yẹn sì wà ní Science and Industry Museum níbẹ̀ títí dòní. Ní Dublin, Irish Railway Record Society, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ìtàn rélùwéè, tó ti wà láti 1946, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ẹ sọ nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ ọdún, ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ plánù J15.

Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Woolwich wá yàtọ̀ pátápátá. Iṣẹ́ Maunsell ni, ọmọ Írẹ́lándì tó ti ṣe ọ̀gá ní Inchicore kó tó lọ sí England, ibẹ̀ ló ti ṣe é, ni Írẹ́lándì bá ra ọ̀pọ̀ irin ẹ̀ tí wọ́n ti rọ sílẹ̀ ní Woolwich ní London, wọ́n kó o wálé, wọ́n tò ó. Nítorí ẹ̀ plánù England ti N class, orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀, á wúlò fún yín, àwòrán ẹ̀gbẹ́ ni mò ń sọ o! Ẹ má fọkàn tán ti iwájú, torí àlàfo àárín irin méjèèjì tí ọkọ̀ ń gùn ní Írẹ́lándì fẹ̀, fíìtì 5 àti ínṣì 3, ó fi ínṣì 6 ààbọ̀ ju ti England lọ. Tí mọ́dẹ́ẹ̀lì yín bá jẹ́ ìwọ̀n mìlímítà 4 sí fíìtì kan, mìlímítà 21 gééré ló jẹ́.

Tí plánù bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn wíìlì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan. Wíìlì J15 jẹ́ fíìtì 5, ínṣì 1 àti mẹ́ta nínú mẹ́rin, lórí bébà yín ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ mìlímítà 20.6. Èmi tẹ tèmi jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún un pọ̀ kó lè gba ojú bébà, mi ò mọ̀, mo ti gé férémù méjèèjì tán kí n tó rí i pé wíìlì ò lè wọlé. Ó dùn mí gan-an. Fún àwọn ìwọ̀n yòókù, nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sára plánù ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ẹ fi rúlà sílẹ̀, bébà àtijọ́ ń sún kì ó sì ń nà.

Tẹ́ ẹ bá lè dé Cultra ní County Down, ẹ́ńjìnnì 800, Maedhbh, tí wọ́n rọ ní Inchicore ní 1939, wà ní mùsíọ̀mù níbẹ̀. Ẹ dúró ní ọ̀gangan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ jìnnà díẹ̀, ẹ ya fọ́tò, lẹ́yìn náà ẹ ya ti wíìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ gbé téèpù ìwọ̀n síwájú kó hàn nínú fọ́tò.