Abọ́ páànù kì í fọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi nìkan náà ni lónìí, látinú kíṣìnì mi ní Leeds. Bí ẹ bá gbọ́ ohun kan tó ń kùn, fíríìjì ni.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan níbí ń múra eré Aólẹ̀ sílẹ̀, Aláàfin Ọ̀yọ́ tí àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ̀, tó gbé wọn ṣépè kó tó kú. Olùdarí wọn bi mí pé ṣé àwọn lè fi abọ́ rọ́bà ṣe àwo tí ọba máa là mọ́lẹ̀, kí àfọ́kù má baà gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Ìlọrin ni ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi lọ.

Eré yìí la ṣe nílé ẹ̀kọ́ girama. Èmi ni mo gbé igbá wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí ìdérí, òfìfo. Gbọ̀ngán pa lọ́lọ́. Ìyá kan níwájú ká ọwọ́ lérí. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó mọ̀ pé orí ọba ni wọ́n ń béèrè.

Ó wá kan èpè. Aólẹ̀ wa ta ọfà sí àríwá, sí gúúsù, sí ìwọ̀-oòrùn, ó gbé àwo sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Abọ́ páànù ni tíṣà rà! Ó dún gbàǹgàn, ó fò sókè, ó yí gbirigbiri lọ bá àwọn onílù. Bàbá àgbàlagbà kan ní, "Èpè yìí ò ní jà." Ẹ̀rín ta.

Bàbá ò ṣàwàdà lásán. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ohun tí Aólẹ̀ ń wí ni pé igbá tó fọ́ ṣì ṣeé rán, àwo amọ̀ tó bá fọ́ ti parí. Fífọ́ yẹn gan-an ni èpè. Bí àwo ò bá fọ́, Àfọ̀njá, olórí ogun tó wà ní Ìlọrin, àtàwọn tí wọ́n jọ dìtẹ̀ mọ́ ọba ti bọ́ nìyẹn. (Ẹ má fà mí wọnú ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá àti Àlímì, àlùfáà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá jọba Ìlọrin, o, mo ṣì fẹ́ wálé ọdún Iléyá.)

Ohun tó ń dùn mí ni pé Òkèlele, ní Ìlọrin níbẹ̀, ò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ wa, tàwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò, tí wọ́n ń tò ó síta.

Mo ní kí olùdarí wá àwo amọ̀. Ó ní, "Àwọn òyìnbó tó bá wá wòran ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" Mo ní wọ́n á gbọ́ ìró ẹ̀.

Lánàá ló fi fọ́tò ránṣẹ́: àwo amọ̀ tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ìkòkò òdòdó, mẹ́fà. Ọ̀kan fún ọjọ́ eré, márùn-ún fún ìdánrawò. Láti àná ni mo ti ń ronú ẹni tí èpè márùn-ún yẹn máa bá.