Iṣẹ́ Mánéjà Lẹ́yìn Tí Fóònù Ti Gba Ìṣirò

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Ilé búrẹ́dì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ó fi ṣàpẹẹrẹ bí ẹ̀rọ àti ọrọ̀ ajé ṣe yí iṣẹ́ mánéjà padà.

Tẹ́lẹ̀, ìṣirò ni ó ń gba ọjọ́ mọ́ mánéjà lọ́wọ́. Yóò ka búrẹ́dì tí ó jáde láàárọ̀, yóò kọ orúkọ àwọn tí ó gbà á láwìn sínú ìwé, yóò sì ka owó nírọ̀lẹ́ kí ó tó gbé e lọ sí báńkì. Lónìí, fóònù ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn oníbàárà láti Sábó àti Ọjà Jagun ń fi WhatsApp sọ iye tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, pàápàá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó bébà ti wọ́n gógó.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé iṣẹ́ náà ti fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ìpinnu tí ó le ju ìṣirò lọ ni ọrọ̀ ajé gbé lé mánéjà lórí. Òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí a fi ń ṣe fúláwà ti ń wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà tí a ti ń ṣẹ́ owó máa sọ iye náírà sí dọ́là. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 tẹ́lẹ̀ sì kọjá ₦1,500 lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e.

Ibi tí owó òwò ti ń parẹ́ nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ká ní ₦50,000 ni a ra àpò fúláwà kan, tí búrẹ́dì inú rẹ̀ sì mú ₦60,000 wọlé lẹ́yìn tí a ti yọ gbogbo ìnáwó mìíràn. Ẹ̀rọ ìṣirò yóò pe ₦10,000 ní èrè. Ṣùgbọ́n bí àpò mìíràn bá ti di ₦62,000, gbogbo owó tí ó wọlé náà kò lè ra ẹyọ kan padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gba ẹ̀rọ gbọ́ lè ti ná èrè tí kò sí. Iye tí a ó fi ra ọjà tí ń bọ̀ ni mánéjà gbọ́dọ̀ máa wò kí ó tó dá iye lé búrẹ́dì òní. Yíyá owó láti dí àlàfo náà kò sì rọrùn, nítorí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, òṣùwọ̀n èlé Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn báńkì yòókù ń wò dá èlé tiwọn, ti dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwìn náà kò lè rí bí ó ti ń rí mọ́, nítorí pé owó tí ó bá pẹ́ níta kì í ra ohun tí ó yẹ kí ó rà nígbà tí ó bá padà dé. Mánéjà ní láti jókòó ti ìyá oníbúrẹ́dì tí ó ti ń bá wọn rajà láti ọdún pípẹ́, kí ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ìdí tí àwìn ọ̀sẹ̀ méjì fi di ọjọ́ mẹ́ta. Lójú tèmi, ibí ni ìmọ̀ mánéjà ti ń hàn jù lọ. Fóònù lè sọ iye tí màmá náà jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ọjà ni ó kùtà mọ́ ọn lọ́wọ́, tí kì í ṣe pé ó fẹ́ sá, ni ó lè pinnu bóyá kí wọ́n tún gbé búrẹ́dì fún un láàárọ̀ ọ̀la.