Àìsàn Wo Ló Wà Lójú Bàbá?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ owó tí a ń dá jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ojú àgbàlagbà nílé lè là ni mo gbé wá lónìí.

GoFundMe, ìkànnì tí a fi ń dá owó jọ, kì í sanwó tààrà sí àkáǹtì báńkì Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ tó wà ní Lọndon tàbí Houston ló máa ń ṣí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń yọ 2.9% àti sẹ́ńtì 30 lórí ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 5, bíi sẹ́ńtì 45 ti lọ. Dọ́là 100, dọ́là 3 àti sẹ́ńtì 20 péré ni. Ó sàn kí ẹbí kó tiwọn jọ, kí ẹnì kan san án lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé a máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé “bàbá ò ríran mọ́”, ó parí. Kataráàtì ni àbí gilọkómà? Ti kataráàtì, lẹ́ńsì inú ojú ló funfun bí omi ọ̀gì. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Gilọkómà ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ìtọ́jú lè dáàbò bo ìyókù, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ó sì wọ́pọ̀ gan-an láàrin àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àní méjèèjì lè wà lójú kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, tó ń béèrè ibi tí iná ti ń wá. Ojú tí kò mọ iná rárá, yíyọ kataráàtì ò lè là á.

Lẹ́ńsì tuntun tí wọ́n ń fi rọ́pò gan-an kò wọ́n mọ́ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Aurolab ti ń ṣe é ní Madurai, ní Íńdíà, láti 1992. Iṣẹ́ abẹ tí dókítà ń fi ọwọ́ ṣe, tí wọ́n máa ń la ojú ní mìlímítà 6 sí 7, kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá, ọgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń pa ara rẹ̀ dé láìrán. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni owó wíwọn ojú, nítorí lẹ́ńsì tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ojú mu á tún ṣe bàbá ní bàìbàì. Owó ọkọ̀ bàbá àti ẹni tó ń mú un lọ. Oògùn kíkán fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ojú bá pọ́n, tó ń dùn ún, tí ìríran ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ yẹn náà ni kí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn.

Bí owó bá sì ń pẹ́, ẹ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n má gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì tó ti funfun náà sẹ́yìn nínú ojú. Bàbá lè ríran díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ lẹ́ńsì náà ṣì wà nínú, ojú lè wú, ó lè kẹ̀, ó sì lè fọ́ pátápátá.