Báìtì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìdí tí Lẹ́tà Fi Ń Yí Padà Láàárín Kọ̀ǹpútà Méjì

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níkàlẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ó kà á lẹ́yìnwá. Bí ẹ bá gba fáìlì láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, tí ẹ ṣí i, tí ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di rádaràda, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tẹ "save" kí ẹ tó mọ̀ bóyá fáìlì náà ló bàjẹ́ ni àbí sọ́fíwíà tó ń kà á ló ṣì í kà. Orí kókó kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dúró lé.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló ń tọ́jú, láti 0 dé 255 nínú báìtì kọ̀ọ̀kan, àdéhùn àwọn ènìyàn ló sì sọ pé nọ́ńbà báyìí ni lẹ́tà báyìí. ASCII, ọ̀kan nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, tó jáde ní ọdún 1963, ní àyè 128 péré, "A" sì jẹ́ 65 nínú rẹ̀; nínú EBCDIC, àdéhùn mìíràn tí ilé iṣẹ́ IBM gbé jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà System/360 ní ọdún 1964, 193 ni "A" kan náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni ẹ̀rọ méjì ti lè gba nọ́ńbà kan náà kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ohun méjì. Windows-1252, àdéhùn ti Windows tó dé lẹ́yìn wọn, ní "à" àti "é", ṣùgbọ́n kò ní "ẹ", "ọ" àti "ṣ". Unicode, àdéhùn tó ń fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, ló fún wọn ní àyè, nígbà tó sì di ọdún 1992, Ken Thompson àti Rob Pike ṣètò UTF-8, ọ̀nà láti fi báìtì kọ nọ́ńbà Unicode, níbi tí àmì kan ti lè gba báìtì kan títí dé mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a wo "ẹja" fínnífínní. Lẹ́tà mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n báìtì márùn-ún ni nínú UTF-8: 225, 186, 185, 106, 97. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló para pọ̀ jẹ́ "ẹ". Bí kọ̀ǹpútà tó gbà á bá rò pé Windows-1252 ni wọ́n fi kọ ọ́, yóò ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí odindi lẹ́tà kan: 225 á di "á", 186 á di "º", 185 á di "¹", ohun tí ẹ ó sì rí ni "áº¹ja". Báìtì kankan kò tíì yí padà. Fáìlì náà ṣì pé pérépéré. Bí ẹ bá ní kí sọ́fíwíà fi UTF-8 tún un ṣí, "ẹja" á padà.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí tí ọwọ́ wa ń fà lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n gbé àkójọ orúkọ kan wá bá mi nígbà kan rí. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí i ti rí "áº¹", ó rò pé bí òun bá fi UTF-8 tọ́jú rẹ̀, nǹkan á tò, ó sì tẹ "save". Báyìí ni àmì mẹ́ta tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá di lẹ́tà gidi tó gba báìtì mẹ́fà, nígbà tí ẹlòmíràn sì tún ṣì í kà, "ẹ" kan ṣoṣo ti di "Ã¡ÂºÂ¹". Bí wọ́n ṣe dì í náà ni a ṣe tú u, láti ẹ̀yìn wá síwájú. "ọ" kékeré ló fún wa níṣẹ́ jù, nítorí pé 225, 187, 141 ni, kò sì sí lẹ́tà kankan ní ipò 141 nínú Windows-1252, tó fi jẹ́ pé àwọn sọ́fíwíà kan máa ń da báìtì yẹn nù. Àwọn ìlà kan tiẹ̀ wà tí sọ́fíwíà ti fẹ́ sọ "ẹ" di Windows-1252, tí kò rí àyè fún un, tó sì fi "?" dí i. Nọ́ńbà 63 ni àmì ìbéèrè yẹn, kò sì ní ohunkóhun nínú tó lè sọ bóyá "ẹ" ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí "ṣ". Ńṣe ni a padà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni orúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń méfò.

Nígbà mìíràn, ojú ọ̀nà ni fáìlì ti ń fara pa. Windows máa ń fi 13 àti 10 parí ìlà, Linux sì máa ń fi 10 nìkan parí rẹ̀. Bí ẹ bá fi FTP (ètò tí a fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ láàárín kọ̀ǹpútà) ránṣẹ́ ní ipò ASCII, ìyẹn ipò ọ̀rọ̀ lásán, ó lè ṣe àtúnṣe sí òpin ìlà wọ̀nyí, èyí tó dára fún ọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n 10 tó wà nínú àwòrán tàbí nínú fáìlì zip kì í ṣe òpin ìlà, bí ó bá sì fọwọ́ kàn án, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ipò binary, tí kì í yí báìtì kankan padà, ni kí ẹ lò fún irú wọn. Àwọn tó ṣe PNG, irú fáìlì àwòrán kan, mọ èyí: báìtì mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni 137, 80, 78, 71, 13, 10, 26, 10, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi 13 àti 10 síbẹ̀ kí àwòrán tí wọ́n bá ti tọwọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà lè hàn lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Fún àwọn fáìlì yòókù, ẹ fi sha256sum (àṣẹ tó ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì láti inú báìtì rẹ̀) yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí àmì 64 tó bá gbé jáde kò bá dọ́gba, ẹ tún un fi ránṣẹ́ kí ẹ tó wá ẹ̀bi lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá dọ́gba, a jẹ́ pé kíkà ni ìṣòro wà. Nígbà náà ni ẹ ó fi xxd, àṣẹ tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn, wo báìtì fúnra rẹ̀, lórí ẹ̀dà, kì í ṣe lórí ojúlówó.

Èyí tó kù kan àwa tí à ń fi àmì ohùn kọ̀wé ní pàtàkì. Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ́", àkópọ̀ ni. Ẹnì kan lè kọ ọ́ ní 225, 186, 185, 204, 129, kí ẹlòmíràn kọ ọ́ ní 101, 204, 163, 204, 129, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Linux á kà wọ́n sí orúkọ fáìlì méjì, nígbà tí HFS+, ètò ìtọ́jú fáìlì tí Mac ń lò tẹ́lẹ̀, máa ń tú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ palẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá fáìlì tí ẹ ń fi ojú ara yín rí, tí ẹ̀rọ sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ di NFC (ìlànà Unicode tó ń pa lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ lọ́nà kan náà) ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì tún un wá.