Òkúta Nínú Àpò: Bí Smart Contract Ṣe Lè Mọ Ojúlówó Ọjà

Alága ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí i yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọjà irin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí London Metal Exchange, kéde pé ìwé-ẹ̀rí mẹ́sàn-án fún irin nickel nílé ìkẹ́rùsí kan ní Rotterdam kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Tọ́ọ̀nù 54 ló yẹ kó wà nínú àwọn àpò náà; òkúta ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìwé náà kò lábùkù lójú, ọjà sì ti gbà á bí ojúlówó. Ká ní orí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ẹnìkan kò lè dá yí padà, ni wọ́n kọ ọ́ sí, òkúta náà ì bá ṣì wà nínú àpò.

Smart contract jẹ́ àdéhùn tí wọ́n kọ ní èdè kọ̀ǹpútà sórí blockchain, tó ń mú ara rẹ̀ ṣẹ: bí nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, kí owó kúrò lọ́wọ́ lágbájá lọ sọ́dọ̀ tàmẹ̀dò. Kì í mọ ojú, kì í sì gba ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n kò nímú tó fi lè gbóòórùn, kò lọ́wọ́ tó fi lè tú àpò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá sọ fún un pé ọjà ti dé, ó pé, ó sì dára. Oracle ni àwọn onímọ̀ ń pe ẹni náà tàbí ẹ̀rọ náà, orúkọ tí òyìnbó ń pe ibi tí wọ́n ti ń dífá. Orúkọ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹlẹ́rìí ni èmi yóò máa pè é, nítorí pé a lè wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí.

Láti ọdún 2019 ni ilé-iṣẹ́ Paxos ti ń ta PAX Gold, owó orí blockchain tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún ounce wúrà kan nínú ọ̀pá wúrà tó wà ní yàrá ìṣúra ní Lọ́ńdọ̀nù. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wọn nǹkan bíi kílò 12.5, wúrà inú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 995 nínú 1000. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé irin tungsten wúwo bíi wúrà gan-an: bí a bá gé méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà kan lóòró, níbùú àti ní gíga, wúrà yóò wọn gíráàmù 19.3, tungsten yóò wọn 19.25. Bí wọ́n bá gbẹ́ inú ọ̀pá tí wọ́n fi tungsten dí i, òṣùwọ̀n kò ní fura, ẹ̀rọ X-ray tó ń ka ojú irin kò sì ní fura, torí èèpo nìkan ló ń rí. Ìró ló ń tú àṣírí, nítorí ó ń yára kọjá nínú tungsten ju nínú wúrà lọ. Síbẹ̀, ohun tó ń fọkàn àwọn oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù balẹ̀ jù ni pé ọ̀pá náà kò tíì kúrò lábẹ́ ìṣọ́ láti ọwọ́ ẹni tó yọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kòkó ni mo fẹ́ kí á ronú lé jù. Kòkó máa ń bu, kòkòrò máa ń jẹ ẹ́, ẹ̀rí tó jẹ́ òótọ́ lónìí sì lè di irọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ilé tó ń jò. Ẹni tó bá ti dúró ti olùyẹ̀wò kòkó ní Oǹdó tàbí Iléṣà mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Yóò fi irin oníhò gún àpò ìdọ̀họ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kóró kòkó yóò máa dà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nínú ohun tó kó jọ, yóò ka kóró 300, yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n lóòró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì tẹ́ wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tó bu lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò jẹ lọ́tọ̀, èyí tí inú rẹ̀ rí bí eérú nítorí pé wọn kò fi ewé bò ó pẹ́ tó kí wọ́n tó sá a náà lọ́tọ̀. Bí èyí tó bu bá ju mẹ́sàn-án lọ nínú 300, kò wọ gíréèdì kìn-ín-ní mọ́. Lẹ́yìn náà ni èdìdì yóò wọ ẹnu àpò.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ kọ sínú ẹ̀rọ lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí kò ju "gíréèdì kìn-ín-ní" lọ. Ìyẹn kò tó. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ gbé nọ́ńbà èdìdì àpò kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀, iye kóró tó bu, àwòrán àwọn tí wọ́n là, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó là wọ́n, kí ẹlòmíràn lè tú àpò kan náà kó sì bi í léèrè.

Àwọn kan á ní kí á kàn lẹ chip, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè kà, mọ́ àpò. Mi ò kọ chip, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí, kò jẹ́rìí sí kòkó. A ti rí irú rẹ̀ nídìí oògùn: láti ọdún 2010 tí NAFDAC ti ní kí á máa ha ara páálí, kí á fi nọ́ńbà ibẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, nọ́ńbà ni èsì ń sọ pé ó jẹ́ ojúlówó, ojú ẹni tó rà á ló kù tí yóò wò bóyá wọ́n ti ṣí ìgò. Bákan náà, ẹni tó la ìsàlẹ̀ àpò, tó sì rán an padà, kò fọwọ́ kan chip tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ irú àdéhùn yìí, ìgbà tí kòkó bá ti dé ilé ìkẹ́rùsí ni àdéhùn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yan olùyẹ̀wò láàárín ọ̀pọ̀, kí ẹni tó ń tà má baà mọ ẹni tí yóò lọ bá tẹ́lẹ̀. Olùyẹ̀wò náà yóò fi owó ìdúró sílẹ̀, èyí tí yóò pàdánù bí ó bá jẹ́rìí èké. Apá kan owó kòkó yóò jáde níbẹ̀, ìyókù yóò dúró di ìgbà tí wọ́n bá la kóró 300 mìíràn ní èbúté Apapa. Bí èsì méjèèjì bá jìnnà síra, ìgbìmọ̀ kan ni yóò gbọ́ ẹjọ́ kí owó ìdúró tó padà. Mo mọ̀ pé àwọn olùfẹ́ blockchain kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n òjò lè pa kòkó nínú ọkọ̀ tí tapólì rẹ̀ ya, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n wọn omi ara kóró ní ibùdó méjèèjì. Kòkó tó kúrò ní Iléṣà pẹ̀lú omi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì gbé 10 dé Apapa, ojú ọ̀nà ni omi ti bá a; èyí tí omi rẹ̀ kò yí padà, àmọ́ tí kóró rẹ̀ bu, Iléṣà ni ìgbìmọ̀ yóò ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.